Torrent tó ń sáré tẹ́lẹ̀ ló dédé ń fà: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ìlọrin àti gúúsù Kwárà

Oríṣiríṣi èèyàn ló ń bi mí ìdí tí torrent wọn, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn èèyàn fi ń gba fáìlì ní ègé ègé lọ́wọ́ ara wọn, fi dédé ń fà: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Tanke àti Òkè-Odò, àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nígboro, olùkọ́ ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, àlùfáà tó fẹ́ pín àkójọ wáàsí fún àwọn ọmọ kéwú rẹ̀. Dátà wọ́n, iná kò dúró, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi odidi òru ṣòfò lórí fáìlì tí kò ní wọlé. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ yín: ẹ wá ibi tí ìṣòro wà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó bá yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tó tún un ṣe, kò sì ní mọ èyí tó tún bà á jẹ́ sí i.

Bùọ̀dá, lánàá ó ń gba mẹ́gábáìtì méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti òwúrọ̀ yìí kò kọjá kílóbáìtì ogójì. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Dá a dúró ná, kí o fi fáìlì mìíràn dán an wò. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ìdánwò yìí ni torrent tí Ubuntu tàbí Debian, àwọn ètò tí a lè fi ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà dípò Windows, gbé sórí ìkànnì wọn fúnra wọn. Ọ̀fẹ́ ni, kò lòdì sí òfin, àwọn tó ń pín in káàkiri ayé kì í sì í tán, ìbáà jẹ́ lọ́sàn-án tàbí lóru. Fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, torí torrent kì í yá ní kété tí a bá ṣí i. Ó ní láti kọ́kọ́ wá àwọn tó máa bá pín. Lẹ́yìn náà kí o pa á o, torí fáìlì Ubuntu ju gígábáìtì mẹ́rin lọ.

Bí ti Ubuntu bá ń yá tí tìrẹ sì ń fà, fáìlì rẹ ló níṣòro. Má wulẹ̀ máa pa router kí o tún máa tàn án. Bí méjèèjì bá ń fà, lọ sórí ìkànnì tó ń díwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ìwọ̀n yẹn bá dára, inú áàpù torrent rẹ ni ọ̀rọ̀ wà, tàbí ọ̀nà tó ń gbà jáde sí ìta. Tí òun náà bá burú, á jẹ́ pé Wi-Fi ni, tàbí router, tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Báwo ni mo ṣe máa fojú ara mi rí i pé fáìlì náà ló níṣòro?

Ṣí qBittorrent, áàpù torrent tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò, kí o wo abẹ́ Seeds. Seed ni ẹni tí fáìlì náà ti pé sọ́wọ́ rẹ̀ tó sì ń pín in fún ẹlòmíràn. Peer ni àwọn yòókù tí tiwọn kò tíì pé. Bí o bá rí 2 (15), ẹni méjì lo ti so pọ̀ mọ́, àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tracker, kọ̀ǹpútà tó ń mọ àwọn tó ń pín fáìlì náà, sọ pé ó wà. Bí o bá rí 0 (0), kò sí ẹni tí fáìlì náà pé sọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí áàpù rẹ lè dé lásìkò yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo Availability. Òǹkà yìí ni àwọn èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń sọ òótọ́ jù. Tó bá jẹ́ 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo ègé fáìlì náà wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ jọ so pọ̀, bí kò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Tó bá lọ sílẹ̀ ju 1 lọ, ègé kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkè-Odò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá: àkójọ fídíò ẹ̀kọ́ ìṣirò ló ń gbà, ó ti rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bàjẹ́, ó sì ti ra dátà mìíràn. A ṣí ojú ewé Peers. Ẹni márùn-ún ló wà níbẹ̀, ìdá 87.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni òun àti gbogbo wọn dúró lé, Availability sì jẹ́ 0.874. Gbogbo wọn ń dúró de ẹni kan tó ti pa kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sí dátà tó lè yanjú ìyẹn. A ní kó fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Nígbà tó di òru, ẹni náà padà dé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì parí láàárín àkókò díẹ̀ síra wọn.

Ìdí tí wọ́n fi dúró sójú kan náà ni pé BitTorrent máa ń kọ́kọ́ wá ègé tó ṣọ̀wọ́n jù, kí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan lè tètè tàn kálẹ̀ kó tó lọ. Bó bá ti lọ, ohun tó kù lọ́wọ́ àwọn yòókù á wá dọ́gba.

Tìrẹ bá rí báyìí, rí i pé DHT àti PEX, ọ̀nà tí áàpù fi ń wá àwọn mìíràn láì gbára lé tracker, wà ní títàn, kí o tẹ Force reannounce lẹ́ẹ̀kan kó tún bi tracker léèrè, kí o sì ní sùúrù. Bí ọ̀sẹ̀ bá yí po tí òǹkà náà kò kúrò lójú kan, wá fáìlì náà gbà níbòmíràn.

Ti èmi dúró sí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, kò sì lọ mọ́.

Wo Availability bí mo ti sọ lókè yìí. Bó bá ju 1 lọ, tẹ Force recheck. Ègé kọ̀ọ̀kan ní àmì ìdánimọ̀ tí áàpù fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí kò bá bá àmì rẹ̀ mu, áàpù á dà á nù, á sì tún un gbà.

20 Mbps ni wọ́n kọ sórí ètò tí mo sọ́bù, 2.5 ni mo ń rí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Rárá. Bíìtì ni iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń kà, báìtì ni áàpù torrent fi ń kà, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Fi 8 pín 20, 2.5 ló jáde. O ń gba ohun tí o sanwó fún ní kíkún.

Mi ò fọwọ́ kan nǹkankan, ó kàn lọ sílẹ̀ lójijì ni, ó sì dúró sí òǹkà kan ṣoṣo bí ẹni pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀.

Òǹkà tí kì í mì, wọ́n ti fi gbèdéke sí i ni. Tó bá jẹ́ Transmission, áàpù torrent mìíràn, lò ń lò, wo ìsàlẹ̀ fèrèsé rẹ̀: àwòrán ahun kan wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kàn án, ìyára á já sí kílóbáìtì àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí gbèdéke tí wọ́n fi sí i láti ilé nìyẹn. Ti qBittorrent tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, mẹ́wàá péré ni, àmì rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Áàpù méjèèjì tún lè fi aago sí i: bí ẹnì kan bá ti yan aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, ojoojúmọ́ ni yóò máa lọ sílẹ̀ láàárín àsìkò yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ojú ewé Speed nínú Options ni kí o ti wò ó. Bí ẹni méjì bá ń lo kọ̀ǹpútà kan náà, ibi yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Wọ́n ní upload, ìyẹn ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ jáde sí ẹlòmíràn, ló ń jẹ ìyára. Ṣé kí n kúkú pa á?

Má pa á o. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn ka ìdáhùn rẹ̀ tán.

Àáró ni BitTorrent. Nígbà tí Bram Cohen gbé e jáde ní 2001, bó ṣe tò ó ni pé áàpù rẹ á máa fún àwọn tó ń fún un. Ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ló máa ń tún wò ó pé ta ló ń fún òun dáadáa, á sì mú àwọn yẹn dání. Ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, á tún fún ẹnì kan tí kò tíì fún un ní nǹkankan láǹfààní, kí àlejò náà lè rí ibi bẹ̀rẹ̀. Bí o bá fi upload sí kílóbáìtì kan péré, ìgbà tí àǹfààní àlejò bá kàn ọ́ nìkan ni wàá máa rí nǹkan gbà lọ́wọ́ àwọn peer, àti ohun tí àwọn seed bá fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní torrent òun dédé lọ sílẹ̀ ló jẹ́ pé àná ni wọ́n pa upload nítorí ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́.

Ṣùgbọ́n bí o bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ìyọnu mìíràn nìyẹn. Ohunkóhun tí o bá ń gbà wálẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́dọ̀ máa ránṣẹ́ padà pé òun ti rí i gbà, ọ̀nà upload yìí kan náà sì ni iṣẹ́ náà ń gbà jáde. Níbi púpọ̀, ọ̀nà ìjáde yìí tóóró ju ọ̀nà ìwọlé lọ. Bí upload bá kún un, iṣẹ́ tí à ń rán padà á há sẹ́yìn, ẹni tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ọ á rò pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ, á sì dẹ ẹsẹ̀. Bí download ṣe ń lọ sílẹ̀ nìyẹn nígbà tó jẹ́ pé upload ló kún.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń díwọ̀n upload nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo sì máa ń fi gbèdéke sí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá sọ pé 4 Mbps, ìyẹn jẹ́ kílóbáìtì ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fi 380 síbẹ̀, kí o wá wo bí download ṣe máa gbérí.

Kì í sì í ṣe torrent nìkan ló ń kún ọ̀nà yẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ti ibi wàlímọ̀ dé pẹ̀lú fídíò wákàtí méjì lórí fóònù, bí fóònù yẹn bá ti fọwọ́ kan Wi-Fi ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí Google Photos láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ìyára bá já lójijì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, fóònù inú ilé ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Àmì kan wà nísàlẹ̀ qBittorrent mi tó ń sọ pé Firewalled. Ṣé òun ló fà á?

Ó lè jẹ́ òun. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìwọ lè kan ilẹ̀kùn ẹlòmíràn, ẹlòmíràn kò lè kan tìrẹ. Bí seed bá pọ̀, kò ní dùn ọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí àwọn náà sì wà nínú irú ipò yìí, ẹ ò ní lè ríra yín rárá.

Bó bá jẹ́ pé ó ṣí tẹ́lẹ̀ tó wá dédé tì, router ti gbàgbé port, ẹnu ọ̀nà tí ẹlòmíràn ń gbà kàn sí ọ, tó ṣí fún ọ lẹ́yìn tí iná lọ, tàbí Windows ti gba àṣẹ tó fún áàpù náà padà lẹ́yìn tí o gba ẹ̀dà tuntun. Tan UPnP, tó ń jẹ́ kí áàpù ní kí router ṣí port fúnra rẹ̀, nínú router àti nínú áàpù, kí o sì fún áàpù náà láṣẹ nínú Windows Firewall.

Ṣùgbọ́n kí o tó ṣe gbogbo ìyẹn, wo àdírẹ́sì tí router rẹ gbà láti ìta. Bó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kó ẹ̀yin oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo, kò sì sí port tí o lè ṣí láti ilé. Bí ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí SIM ṣe rí nìyẹn, bí Starlink ti ilé ṣe rí náà nìyẹn. Má san kọ́bọ̀ fún ẹni tó bá ní òun máa bá ọ ṣí port lórí SIM. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ bá ní IPv6, irú àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì tuntun, tàn án. Òun lè gba ibòmíràn kọjá.

Ní Gáà-Akànbí níbí, bó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́, ó parí. Lóru ó ń yá. Kí ló dé?

Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ máàsì kan náà ló jọ ń pín ohun tó wà lórí rẹ̀. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, gbogbo àdúgbò ló ti dé láti ibi iṣẹ́ àti ọjà, oníkálukú ti mú fóònù dání. Kò sí ohun tí o lè yí padà nínú áàpù tó máa tún ìyẹn ṣe. Aago méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí ni kí o fi torrent sí, bí ètò dátà alẹ́ bá sì wà lórí SIM rẹ, ó tún dínwó.

Òjò náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ máàsì ló jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, òjò ńlá sì máa ń dí ìgbì yẹn lọ́wọ́. Bó bá dá, á padà bọ̀ sípò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé gbogbo Nàìjíríà ló ń ṣe é, kì í ṣe èmi nìkan?

Bi ẹni tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, kí o sì bi ẹnì kan tó wà ní Èkó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní etíkun Côte d'Ivoire, ìlú tó pọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì mọ̀ ọ́n lára, Nàìjíríà pẹ̀lú. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tó wà láàárín Nàìjíríà lè máa yá nígbà tí gbogbo ohun tó ń ti òkèèrè bọ̀ ń fà, bẹ́ẹ̀ òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ peer rẹ wà. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni kátápílà tó ń ṣe títì tó sì gé wáyà abẹ́ ilẹ̀.

Ó ń yá bí mo bá jókòó ti router, ó ń fà nínú yàrá mi.

Wi-Fi ni. Fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ router fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iyèméjì á tán. Ìgbì 5 GHz ń yá ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù ń pa á, 2.4 GHz ń wọ ògiri, ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó yí ọ ká ló ń lò ó. Nínú ilé ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní router tirẹ̀, yan channel 1, 6 tàbí 11, èyí tí àwọn aládùúgbò kò lò jù.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, kì í ṣe torrent nìkan ló ń dúró, WhatsApp gan-an kì í lọ mọ́. Bí mo bá pa router tí mo tún tàn án, á padà.

Àwọn tí áàpù rẹ so pọ̀ mọ́ ti pọ̀ ju èyí tí router kékeré lè rántí lọ. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni qBittorrent ń gbà láàyè bó ṣe wá láti ilé. Nínú Options, lábẹ́ Connection, dín gbogbo rẹ̀ kù sí àádọ́jọ, kí o sì jẹ́ kí torrent kọ̀ọ̀kan ní ogójì. Ìyára kò ní dín kù, torí ẹni díẹ̀ tó ń fún ọ dáadáa sàn ju ọ̀pọ̀ tí kò fún ọ ní nǹkankan lọ. Fún MiFi, kódà ọgọ́rùn-ún ti tó.

NEPA mú iná lọ, nígbà tó dé, torrent kàn ń sọ pé Checking. Kò gba nǹkankan wálẹ̀.

Má fagi lé e. Kọ̀ǹpútà kú lójijì, áàpù sì ń ka ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀ láti mọ èyí tó pé. Fáìlì ńlá lórí hard disk àtijọ́ lè pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wo router: nígbà tó bá tún tàn, ó lè so mọ́ 3G dípò 4G. Pa á, kí o tún un tàn nígbà tí iná bá ti dúró dáadáa.

Ó ń sáré, á dúró, á tún sáré. Orí flash ni mò ń kó o sí.

Flash náà ló ń fa á sẹ́yìn. Orí kọ̀ǹpútà ni kí o gbà á sí, kí o wá dà á kọ lẹ́yìn tó bá pé. Bí flash náà bá sì jẹ́ FAT32, kò lè gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó gígábáìtì mẹ́rin.

Ọmọ mi, Ìsánlú-Ìsin ni mo wà, òkè yí wa ká. Ó ń yá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì kò ní lọ rárá. Ṣé n óò máa kó kọ̀ǹpútà lọ sí Ìlọrin ni?

Ẹ kú ìdúró, bàbá. Ẹ má tíì lọ. Ẹ ṣí ojú ewé router yín nínú kọ̀ǹpútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ RSRP sí. Òǹkà tó ń sọ bí ìgbì máàsì ṣe lágbára tó lọ́dọ̀ yín ni, ó sì ní àmì ìyọkúrò níwájú. Bó bá wà ní −90 tàbí tó sún mọ́ òdo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára. Bó bá ti kọjá −110, máàsì náà jìnnà sí yín tàbí òkè dí i. Ẹ gbé router náà lọ sí ojú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì méjì, ẹ sì kọ òǹkà náà sílẹ̀. Ibi tó bá dára jù ni kí ẹ fi sí, kó ga, kó má sì wà lẹ́yìn irin tàbí lábẹ́ páànù. Bí router yín bá ní ihò fún eriali ìta, ẹ ra eriali kí ẹ gbé e sókè sí ibi tí máàsì wà. Fún ìlú tó wà láàárín òkè, owó eriali ni owó tí mo lè ní kí ẹ ná láìṣiyèméjì.

Ṣé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọ̀ọ́mọ̀ ń dí torrent ni?

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ká Comcast mọ́ ibẹ̀ ní 2007 pé ó ń dí BitTorrent lọ́wọ́, ìjọba sì bá a wí ní 2008. Láti mọ̀ bóyá tìrẹ náà rí bẹ́ẹ̀, fi torrent Ubuntu dán an wò, kí o wá tan VPN, áàpù tí kì í jẹ́ kí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí ohun tí ò ń ṣe, kí o tún fi òun kan náà dán an wò lójú ẹsẹ̀. Bó bá fò sókè gidi, tó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa dí i. VPN fúnra rẹ̀ sábà máa ń dín ìyára kù díẹ̀, nítorí náà kò yẹ kó yára sí i.

Ohun tí mo sábà máa ń rí ju ìyẹn lọ ni ètò tí wọ́n ní kò lópin, tó sì ní òpin nínú ìwé àdéhùn rẹ̀. Bí o bá ti lo iye kan tán, wọ́n á dín ìyára rẹ kù títí oṣù á fi parí. Tẹ *323# láti mọ dátà tó kù, kí o sì ka àdéhùn náà.

Bí mo bá ń pín in padà, ṣé dátà mi ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Upload àti download ni wọ́n jọ ń yọ lára dátà. Fáìlì gígábáìtì márùn-ún tí o gbà, tí o sì pín ní ìwọ̀n kan náà, mẹ́wàá ló jẹ. Bí ẹni bá ń ra dátà ní díẹ̀díẹ̀, mi ò ní bá a wí bó bá dúró nígbà tí tirẹ̀ bá pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní Wi-Fi iléèwé tí wọ́n gba irú èyí láàyè lórí rẹ̀, tàbí ètò alẹ́ tí kì í lò tán, mo bẹ̀ ọ́, fi í sílẹ̀ kó máa pín. Ìwọ lè jẹ́ ẹni tí àwọn márùn-ún kan ń dúró dè ní ìdá 87.4.

Ṣé kò lòdì sí òfin?

BitTorrent kò lòdì sí òfin. Fíìmù tí wọ́n jí kó lòdì sí i, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ti 2022 sì wà ní Nàìjíríà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá fi owó ara wọn ṣe é. Mi ò kí í bá ẹnikẹ́ni wá ìdí tí fíìmù tí wọ́n jí kó kò fi yá.

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló burú lóòótọ́. Ta ni mo máa fẹjọ́ sùn?

Pe 300 lórí SIM náà, torí nọ́ńbà yẹn kan náà ni gbogbo iléeṣẹ́ ń lò. Kí o tó pè, díwọ̀n ìyára láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o ya àwòrán ojú fóònù ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí o sì kọ àdúgbò àti RSRP sí i. Ẹni tó bá sọ pé “nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ò dáa”, wọ́n á ní kó pa fóònù kó tún un tàn. Ẹni tó bá mú òǹkà dání, wọ́n á gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó máàsì. Bí wọn kò bá dá ọ lóhùn, pe 622, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ ti NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà. Rí i pé o gba nọ́ńbà ẹ̀sùn rẹ lọ́wọ́ ẹni tó gbé 300 kí o tó gbé fóònù sílẹ̀, torí wọ́n á béèrè rẹ̀ ní 622.